Èsì: Ìdí tí wọn kò fi gbá eré kẹta

Ẹ kú ìbéèrè, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní kí ló dé tí ìdíje soft tennis (tẹ́nìsì tí wọ́n ń fi bọ́ọ̀lù rírọ̀ gbá) ti ẹgbẹ́ obìnrin ní Ìdíje Éṣíà (Asian Games) fi parí lẹ́yìn eré méjì, nígbà tí wọ́n ti ní mẹ́ta ni. Kò sí màgòmágó níbẹ̀ o. Eré ẹlẹ́ni-méjì (ẹni méjì ní ìhà kọ̀ọ̀kan) ló ń ṣáájú, ti ẹnìkan ṣoṣo tẹ̀lé e, kí ẹlẹ́ni-méjì mìíràn tó kádìí rẹ̀. Orílẹ̀-èdè tó bá ti mú méjì ti borí nìyẹn.

Lójú tèmi, ẹlẹ́ni-méjì yẹn ladùn eré náà. Gẹ́ẹ̀mù 9 ni, ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ 5 ló gbà á. Ọ̀kan á dúró lẹ́yìn, á máa gbá bọ́ọ̀lù gígùn, èkejì á lúgọ sẹ́bàá nẹ́ẹ̀tì. Rọ́bà tí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí ni bọ́ọ̀lù náà. Bí wọ́n bá gbá a le, ṣe ló máa ń tẹ̀ pẹlẹbẹ. Kò rọrùn láti fi ẹ̀ṣẹ́ kan parí ọ̀rọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbá a lọ gbá a bọ̀. Ẹ tún wọ́wọ́ wọn wò dáadáa: ojú kan náà lára rákẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń gbá a lọ́tùn-ún lósì.

Ní ti ìdí tí àmì ẹ̀yẹ idẹ fi máa ń jẹ́ méjì: àwọn tó já sílẹ̀ ní ìpele tó ṣáájú àṣekágbá ló ń gbà á, wọn kì í du ipò kẹta.

Ní Ìdíje Éṣíà ti Hiroshima 1994 ni eré yìí ti di ti àmì ẹ̀yẹ. Ní Incheon 2014, Kòríà Gúúsù kó gbogbo àmì ẹ̀yẹ wúrà 7, Jàpáánì sì gba ti ẹgbẹ́ obìnrin ní 2018.