Ẹ yí ẹnu kẹ́ẹ̀gì yẹn sókè

Àǹtí tó ń béèrè ìdí tí òróró fi máa ń ya gbàà sínú ìkòkò wọn nígbà tó jẹ́ pé díẹ̀ ni wọ́n fẹ́, àti iye kọ́ọ̀bù omi tó yẹ kí wọ́n fi po mọ́ín-mọ́ín, ẹ má tíì bá ọwọ́ yín wí. Bí ẹ ṣe ń di kẹ́ẹ̀gì mú ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò.

Oúnjẹ òde ni mo ń sè jẹun. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tí a ń lò, ẹ̀gbẹ́ kan ni ẹnu ẹ̀ máa ń wà. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ kí ẹnu yẹn wà nísàlẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń dà á, òróró á dí i pa, atẹ́gùn ò ní ráyè wọlé. Kẹ́ẹ̀gì á wá máa mí gbọ̀ngọ̀-gbọ̀ngọ̀, gbogbo ìgbà tó bá sì mí ló máa pọ òróró jáde. Ẹ yí i, kí ẹnu ẹ̀ wà lápá òkè. Atẹ́gùn á máa gba òkè ẹnu wọlé, òróró á máa gba ìsàlẹ̀ ẹ̀ jáde, á sì ṣàn tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú.

Síbẹ̀, mi ò kì í da òróró láti inú kẹ́ẹ̀gì sínú ìkòkò tó wà lórí iná láéláé. Ọmọ iṣẹ́ kan ṣe é lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, òróró gbígbóná ta sí mi lápá, àpá ẹ̀ rèé. Inú ìgò 75cl ni mo ń kọ́kọ́ fi àrọ dà á sí. Kẹ́ẹ̀gì kan á kún ìgò 33, á sì ku díẹ̀, nítorí náà mo máa ń mọ iye ìgò tí òde kan jẹ. (Ó tún ń jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ gbé òróró lọ sílé ronú lẹ́ẹ̀mejì.)

Fún ti ilé, ẹ wá ìgò oníke, kẹ́ ẹ fi ìṣó gbígbóná lu ihò méjì sí ọmọrí ẹ̀, kí wọ́n jìnnà síra. Ihò kan ò tó o! Òróró á kàn máa kán tó-tó, ẹ ó fún ìgò, á sì tú jáde fìì.

Ní ti omi mọ́ín-mọ́ín tẹ́ ẹ tún béèrè, kọ́ọ̀bù nìkan ò lè sọ ọ́ fún yín, torí ẹ̀wà tó pẹ́ nínú omi ti mu tiẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa bù ú sí i. Ẹ fi ṣíbí bu ẹ̀wà, kẹ́ ẹ dà á padà: tó bá já bọ́ gbì, ó ṣì ki, tó bá ṣàn wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ dúró. Tó bá ti ṣàn jù, àfi kẹ́ ẹ lọ ẹ̀wà míì kún un.