Laptop àlòkù fún gígé fídíò: i7 àtijọ́ ni, àbí i5 tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, mo kí yín. Àdìrẹ ni mo ń ṣe ní Òṣogbo, iPhone 11 mi ni mo sì fi ń ya fídíò bí a ṣe ń rẹ aṣọ, tí mo ń fi ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà lórí WhatsApp àti Instagram. Orí fóònù náà ni mo ti ń gé fídíò yìí, ṣùgbọ́n ó ti sú mi, nítorí ojú rẹ̀ kéré, àyè inú rẹ̀ sì ti kún. Mo fẹ́ ra laptop tòkunbọ̀. Ọlọ́jà kan ní Computer Village ní Ìkẹjà fi méjì hàn mí. Ọ̀kan jẹ́ Core i7 (i7-4600U), RAM 4GB, háàdì dísìkì 500GB. Èkejì jẹ́ HP EliteBook 840 G5, Core i5 (i5-8250U), RAM 8GB, SSD 256GB, owó tirẹ̀ sì ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àbúrò mi ní i7 ni kí n rà, pé méje ju márùn-ún lọ. Èwo ni kí n mú, kí ni kí n sì yẹ̀ wò kí n tó sanwó?

ÌDÁHÙN: Àrẹdú o, ẹ kú iṣẹ́. Èkejì ni kí ẹ mú, ìyẹn i5, bí ó bá yege nínú àwọn àyẹ̀wò tí màá sọ níwájú. N kò dá àbúrò yín lẹ́bi, nítorí ohun tí àwọn ọlọ́jà fi ń polówó ni òun náà gbà gbọ́. Ṣùgbọ́n 3, 5 tàbí 7 tí ó wà lẹ́yìn lẹ́tà i kàn ń sọ ipò tí processor kan, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, wà láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ jáde ni. Nọ́ńbà tí ó tẹ̀ lé e ni ó ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀. Nínú i7-4600U, 4 tí ó ṣáájú fi hàn pé ìran kẹrin ni, èyí tí wọ́n ń pè ní fourth gen lọ́jà, ọdún 2013 ni Intel, ilé iṣẹ́ tí ó ń ṣe é, sì gbé e jáde. 8 tí ó ṣáájú nínú i5-8250U fi hàn pé ìran kẹjọ ni, ọdún 2017 sì ni ìyẹn jáde. Kí ìran kẹjọ tó dé, àwọn processor tí lẹ́tà U parí orúkọ wọn, tí a ṣe fún laptop tí kì í jẹ iná púpọ̀, core méjì péré (ẹ̀yà tí ń ṣe iṣẹ́ gan-an nínú processor) ni wọ́n ní, ìbáà jẹ́ i5 tàbí i7 ni wọ́n kọ sí wọn lára. Ìran kẹjọ ni Intel sọ ọ́ di mẹ́rin. Ọ̀gá aláró tí ó ní ọmọṣẹ́ méjì, bí ọwọ́ wọn ti wù kí ó yá tó, kò lè bá èyí tí ó ní ọmọṣẹ́ mẹ́rin dọ́gba lọ́jọ́ tí aṣọ bá pọ̀ nílẹ̀, gígé fídíò sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ tí aṣọ máa ń pọ̀ nílẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ má ṣe fi orúkọ EliteBook 840 G5 nìkan rà á o. HP fi i5-7300U ti ìran keje, tí ó ní core méjì, sínú àwọn kan lára rẹ̀, ara wọn kò sì yàtọ̀ síra. Ẹ má sì gba bébà aláwọ̀ búlúù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kíbọ́ọ̀dù gbọ́, nítorí ẹnikẹ́ni lè lẹ irú rẹ̀ mọ́ ohunkóhun. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ ṣí Performance, kí ẹ sì tẹ CPU: orúkọ processor yóò hàn lókè lápá ọ̀tún, iye core rẹ̀ yóò sì wà nísàlẹ̀.

Ohun tí ó jẹ́ kí n lè sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìdánilójú báyìí ni fóònù tí ẹ dárúkọ. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ń bi mí ní irú ìbéèrè yìí kì í sọ ohun tí wọ́n fi ń ya fídíò rárá, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ kò bá tíì yí ètò iPhone 11 yín padà, ọ̀nà ìfúnpọ̀ kan tí ń jẹ́ HEVC ni ó fi ń tọ́jú fídíò. Fídíò tí a fún pọ̀ báyìí kì í ní gbogbo àwòrán rẹ̀ lódindi: fóònù yóò tọ́jú àwòrán kan pérépéré, lẹ́yìn náà yóò máa kọ kìkì ohun tí ó yí padà nínú àwọn tí ó tẹ̀ lé e sílẹ̀. Bí ẹ bá ń wò ó lọ geere láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kọ̀ǹpútà tí kò lágbára pàápàá lè máa tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń gé fídíò kì í wò ó lọ geere. Yóò sún síwájú, yóò padà sẹ́yìn, yóò dúró síbi tí aṣọ ti ń jáde nínú ìkòkò aró, yóò tún ibẹ̀ wò lẹ́ẹ̀marùn-ún, gbogbo ìgbà tí ó bá sì fò bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ wá àwòrán odindi tí ó sún mọ́ ibẹ̀, kí ó sì máa ṣírò láti orí rẹ̀ títí yóò fi dé ibi tí ẹ fẹ́. Ìdí nìyẹn tí laptop kan fi lè gbé fíìmù dáadáa lójú yín ní ṣọ́ọ̀bù, kí ó sì wá gan pa nígbà tí ẹ bá kó fídíò tiyín sínú rẹ̀ nílé.

Láti ìran kẹfà, ní ọdún 2015, ni Intel ti ń fi ẹ̀yà tí ó ń tú HEVC sínú àwọn processor rẹ̀. Ìran keje fi HEVC oní-10-bit kún un, èyí tí ẹ óò nílò lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ ra iPhone 12 tàbí èyí tí ó jù ú lọ, nítorí pé àwọn yẹn ń ya fídíò HDR, tí ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ inú rẹ̀ pọ̀ sí i. Ìran kẹrin kò ní irú ẹ̀yà bẹ́ẹ̀, ipá core méjèèjì rẹ̀ ni yóò fi ṣe gbogbo iṣẹ́ náà, pẹ̀lú RAM (àyè tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tí ó ń ṣe lọ́wọ́ sí) 4GB, lórí háàdì dísìkì. Kódà bí wọ́n bá dín owó rẹ̀ kù sí i, n kò ní gbà yín níyànjú pé kí ẹ rà á fún iṣẹ́ yìí.

Lórí i5 náà, ẹ lè mú kí iṣẹ́ rọrùn sí i. Lórí fóònù, ẹ lọ sí Settings, Camera, Formats, kí ẹ sì mú Most Compatible, kí ó lè máa fi H.264, ọ̀nà ìfúnpọ̀ mìíràn, tọ́jú fídíò, nítorí pé èyí kò ni kọ̀ǹpútà lára bí HEVC. Fáìlì yóò tóbi sí i: gẹ́gẹ́ bí ohun tí Apple kọ sínú ètò fóònù náà, ìṣẹ́jú kan fídíò 1080p oní-30 fps (àwòrán 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan), tí ó máa ń jẹ́ nǹkan bí 60MB ní HEVC, yóò di nǹkan bí 130MB. Ẹ fi 4K, tí àwòrán rẹ̀ tóbi ju ti 1080p lọ, sílẹ̀ fún ìgbà yìí, nítorí WhatsApp yóò kúkú tún fídíò yín fún pọ̀ kí ó tó dé ọwọ́ oníbàárà. Ìrọ̀rùn kejì ni èyí tí a ń pè ní proxy, ìyẹn ẹ̀dà kékeré tí sọ́fítíwíà máa ń ṣe fún fídíò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ lè máa gé ẹ̀dà náà láìsí ìdíwọ́. Nígbà tí ẹ bá ní kí ó gbé iṣẹ́ jáde, ojúlówó fídíò ni yóò padà lò. Shotcut àti Kdenlive mọ̀ ọ́n ṣe, ọ̀fẹ́ sì ni àwọn méjèèjì. DaVinci Resolve náà ní ti ọ̀fẹ́, ó sì dára gan-an, ṣùgbọ́n agbára graphics (ẹ̀yà tí ń gbé àwòrán sójú kọ̀ǹpútà) tí ó ń béèrè ju ti irú laptop yìí lọ. Bí ẹnì kan bá fi í sí i fún yín tí ó ń dì, ẹ má ṣe dá laptop lẹ́bi.

Ní ti RAM, 8GB ni ìbẹ̀rẹ̀, 16GB sì ni ibi tí ara yóò ti tù yín. Ihò RAM méjì ni ó wà nínú 840 G5, bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nínú ThinkPad T480 àti Dell Latitude 5490 tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́, ẹ sì lè mú èyíkéyìí nínú wọn bí ti HP kò bá dára. Ẹ ṣọ́ra fún àwọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n jó RAM wọn mọ́ bọ́ọ̀dù, nítorí pé iye tí ẹ bá níbẹ̀ ni iye tí ẹ óò lò dé òpin. Bí 8GB náà bá wà nínú ihò kan ṣoṣo, ẹ ra 8GB mìíràn sí ihò kejì nígbà tí owó bá wà. Graphics inú laptop yìí kò ní RAM tirẹ̀, RAM gbogbogbòò ni ó ń yá lò, ó sì ń yára sí i bí ihò méjèèjì bá ní ohun nínú.

SSD, ìyẹn ibi ìtọ́jú fáìlì tí a ń lò dípò háàdì dísìkì, kò gba àlàyé púpọ̀: háàdì dísìkì laptop sábà máa ń ka nǹkan bí 100MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, SSD oní-SATA sì ń ka nǹkan bí 500MB. Orí SSD ni kí ẹ ti máa ṣiṣẹ́, kí ẹ sì kó èyí tí ẹ bá ti parí sórí háàdì dísìkì ìta.

Ojú laptop ni kí ẹ fara balẹ̀ wò ju ohun mìíràn lọ, torí pé àwọ̀ ni ẹ ń tà. Ọ̀pọ̀ laptop ilé iṣẹ́ àtijọ́ ní ojú 1366×768 irú èyí tí ń jẹ́ TN, tí àwọ̀ inú rẹ̀ máa ń yí padà bí ẹ bá gbé orí sókè tàbí sílẹ̀ díẹ̀. Aró tí ẹ rẹ títí tí ó fi dúdú lè dà bí eérú níbẹ̀, ẹ óò wá tún àwọ̀ fídíò náà ṣe nígbà tí kò sí ohun tí ó ṣe é, oníbàárà yóò sì rí àwọ̀ mìíràn lórí fóònù tirẹ̀. 1920×1080 tí ó jẹ́ IPS, irú tí àwọ̀ rẹ̀ kì í yí padà bẹ́ẹ̀, ni kí ẹ wá. Ẹ mú aṣọ kan dání lọ sọ́jà, kí ẹ ṣí fọ́tò aṣọ náà lórí laptop, kí ẹ tẹ́ aṣọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì wò ó láti iwájú, láti òkè àti láti ẹ̀gbẹ́. Ọlọ́jà lè rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí ó rín in tán.

Ẹ fún àyẹ̀wò tí ó kù ní ìdajì wákàtí, ó kéré tán. Ẹ ṣí Command Prompt, kí ẹ tẹ powercfg /batteryreport, kí ẹ ṣí fáìlì tí ó bá dárúkọ, kí ẹ sì fi Full Charge Capacity (iye tí bátìrì lè gbà báyìí) wé Design Capacity (iye tí ó ń gbà ní tuntun). Bí àkọ́kọ́ kò bá tó ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún èkejì, ẹ yọ owó bátìrì tuntun kúrò nínú iye tí wọ́n pè é. Ẹ kó fídíò bíi mẹ́ta tí ẹ yà fúnra yín sínú rẹ̀, kí ó máa ṣe wọ́n fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ sì fetí sí fáànù: laptop tí eruku ti dí máa ń gbóná, yóò sì máa dín eré rẹ̀ kù fúnra rẹ̀ láìsọ fún yín. Ẹ pa á, ẹ tún un tàn, kí ẹ máa tẹ F10 títí BIOS, ìyẹn ètò tí ń jí laptop kí Windows tó dé, yóò fi ṣí; bí ó bá béèrè ọ̀rọ̀ ìwọlé tí ọlọ́jà kò mọ̀, ẹ dìde níbẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà tí ó lè ti laptop pa, tí kì í tètè hàn. Oníbàárà mi kan gbé laptop tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà wá kí n tún Windows rẹ̀ fi sí i. Bí a ṣe so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì báyìí, orúkọ ilé iṣẹ́ kan lókè òkun jáde, ó ní kí a fi ọ̀rọ̀ ìwọlé òṣìṣẹ́ wọn wọlé, ọlọ́jà sì kọ̀ láti gbà á padà. Nítorí náà, ẹ ní kí wọ́n tún Windows náà tò níṣojú yín, pẹ̀lú íntánẹ́ẹ̀tì, kódà bí ó bá gba àkókò. Windows 11 ni kí ó jẹ́. Microsoft dáwọ́ àtúnṣe Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, ìran kẹjọ sì wà lára àwọn tí Windows 11 gbà, ṣùgbọ́n ìran kẹrin kò sí níbẹ̀.

Bí wọ́n bá fẹ́ yí yín lọ́kàn padà sí laptop àwọn onígéèmù, ẹ rántí iná. Ṣájà irú EliteBook yìí kì í ju 65W lọ, inverter kékeré á gbé e. Ti onígéèmù lè gba ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta rẹ̀, bátìrì rẹ̀ kì í sì í pẹ́.

Lẹ́yìn tí gbogbo èyí bá tẹ́ yín lọ́rùn, kí ọlọ́jà kọ nọ́ńbà processor, iye RAM àti iye ọjọ́ tí ẹ lè fi dá a padà sórí risíìtì. Bí ó bá ní òun kì í kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ṣọ́ọ̀bù mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀.