Èsì: Ṣé Virgin Nigeria náà ni Nigeria Airways?

Ẹ kú ìbéèrè o, ẹ̀gbọ́n. Rárá, kì í ṣe pé Nigeria Airways, ilé-iṣẹ́ bàálù ìjọba wa, yí orúkọ padà di Virgin Nigeria, ọ̀tọ̀ ni wọ́n. 1958 nìjọba dá ti wa sílẹ̀, WAAC Nigeria ni wọ́n ń pè é nígbà yẹn torí inú WAAC, ilé-iṣẹ́ bàálù tí àwa àti Gánà, Sàró àti Gáńbíà jọ ń lò ló ti jáde, 1971 ló wá di Nigeria Airways. Màmá mi ṣì ní báàgì kékeré kan tí wọ́n fún un nínú bàálù wọn, àwòrán erin oníyẹ̀ẹ́ wà lára ẹ̀, síìpù ẹ̀ ti já ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ ká jù ú nù.

Ẹ ní kí ló pa á? Gbèsè ni, àti ìjọba tó ń fi ọ̀gá jẹ tó tún ń yọ ọ́ bó ṣe wù ú. Bàálù ńlá DC-10 méjì péré ni wọ́n rà, ọ̀kan jóná ní Ìlọrin ní 1987 níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn awakọ̀ bàálù, ọpẹ́lọpẹ́ pé kò sẹ́ni tó kú. 2003 ni wọ́n tì í pa. Ohun tó dùn mí jù ni tàwọn òṣìṣẹ́, torí 2018 nìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ ń san lára owó tí wọ́n jẹ wọ́n, ọ̀pọ̀ ti kú kó tó dé.

Virgin Nigeria tẹ́ ẹ bèèrè, ti Richard Branson, òyìnbó tó dá Virgin sílẹ̀, àtàwọn olówó Nàìjíríà ni nígbà náà, 2005 ló kọ́kọ́ fò lọ Lọ́ńdọ̀nù.