Ṣé yìgì mi yóò dúró bí n kò bá ṣe ìnáwó?

Ìbéèrè: Àsàláámù aléékúmù, àáfà wa. Télọ̀ ni mí ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta. Lẹ́yìn ààwẹ̀ la fẹ́ so yìgì. Ìyá mi fẹ́ gbọ̀ngàn, aṣọ ẹbí àti eléré. Ẹnì kan ti ṣetán láti yá mi lówó, ṣùgbọ́n yóò gba èlé. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n gé sàdáákì, ẹ̀bùn tí ọkọ ń fún ìyàwó nídìí yìgì, kù kí owó lè tó. Bí a bá ṣe é ní mọ́ṣáláṣí pẹ̀lú èèyàn díẹ̀, ṣé ó dára bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Wàaléékúmù sàláámù, ọmọ mi. Ó dára, yìgì rẹ yóò sì dúró gbọn-in. Walíyì ọmọbìnrin (bàbá rẹ̀ tàbí ẹni tó dúró fún un), ẹlẹ́rìí méjì, sàdáákì, kí walíyì ní òun fún ọ, kí o ní o gbà: kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Alága ìjókòó kò sí níbẹ̀.

Ọ̀rẹ́ rẹ ló bà mí lẹ́rù. Nínú gbogbo ìnáwó yìí, sàdáákì nìkan ni ẹ̀tọ́ ìyàwó, òun náà ló ní kí o gé kí eléré lè rí owó gbà! Nínú Súrátù Nisáì, áyà 4, Ọlọ́hun ní kí a fún àwọn obìnrin ní sàdáákì wọn tọkàntọkàn. Obìnrin ló ni ín, kì í ṣe bàbá rẹ̀. Òótọ́ ni pé ó lè kéré. Lọ́dọ̀ àwa tí à ń tẹ̀lé ìlànà Ímáámù Málíìkì, kò gbọdọ̀ dín sí ìdámẹ́rin dínárì wúrà, bíi gíráàmù kan lé díẹ̀. Ẹ̀wù irin ogun ni Ali fi ṣe sàdáákì Fatimah, ọmọ Ànábì Muhammad. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin náà ni kí o bi léèrè, má bi ọ̀rẹ́ rẹ. Bó bá gbà, o lè san díẹ̀, kí ìyókù wà lọ́rùn rẹ.

Ti wòlímọ̀, àsè ìgbéyàwó, kò le. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sọ fún sàhábà rẹ̀, Abdur-Rahman ọmọ Auf, nígbà tó gbéyàwó, pé kó ṣe é, ìbáà ṣe àgùntàn kan. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ Safiyya lójú ọ̀nà àbọ̀ láti Khaybar, ẹran pàápàá ò sí: wọ́n tẹ́ awọ sílẹ̀, oníkálukú gbé dàbínù, wàrà gbígbẹ àti òrí wàrà wá. Ewúrẹ́ kan, láfún àti ewédú ti tó. N kò tíì rí Ẹ̀gbá tó kọ láfún. Ohun tí Ànábì bú ni wòlímọ̀ tí a pe olówó sí, tí a fi tálákà sílẹ̀. Nítorí náà, pe àwọn alábàárù ọjà Kútọ̀.

Ní ti owó èlé, Súrátù Bàkọ́rà, áyà 275, ti tì í pa. Sọ́gúndógójì ni, orúkọ yòówù kí wọ́n fún un. Bó tilẹ̀ jẹ́ gbèsè tí kò lélé, Ànábì a máa tọrọ ìṣọ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ìrun. Wọ́n bi í pé kí ló dé; ó ní ẹni tó jẹ gbèsè, bó bá sọ̀rọ̀ á purọ́, bó bá ṣèlérí á yẹ̀ ẹ́.

Ó ku ìyá rẹ. Má fi áyà Kùránì bá a jà. Télọ̀ ni ọ́, Ìtòkú lo sì wà: ra adìrẹ tó dáa, fi rán ìró àti búbá fún un, kí o gbé e lọ sílé lálẹ́, kí o tó dárúkọ gbọ̀ngàn rárá.