Ebi Ń Pa Olùkọ́ni, Ojú Kò sì Jẹ́ Kí Ó Tọrọ Oúnjẹ

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ ìmọ̀ràn. Ẹni ọdún 49 ni mí, èmi ni olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin nínú ìjọ wa, èmi náà ni mo sì ń kọ́ kíláàsì àwọn tó ń múra fún ìrìbọmi. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá gbé ọwọ́ lé ènìyàn lórí, mo máa ń mọ̀ pé Ọlọ́run wà níbẹ̀, àwọn mìíràn a tilẹ̀ ṣubú lulẹ̀. Ní báyìí, mò ń gbàdúrà ṣáá ni, n kò mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ń gbọ́. Mo gbààwẹ̀, mo lọ sórí òkè, mo ṣe ìṣọ́ òru, síbẹ̀ inú mi gbẹ. Ọmọbìnrin kan tó ń ṣe irun, tí èmi fúnra mi kọ́ ní kíláàsì, kò mọ̀wé púpọ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá gbàdúrà, gbogbo ilé á pa rọ́rọ́, òun sì ni àwọn ènìyàn ń wá lọ báyìí. Ó ń dùn mí, ó sì ń tì mí lójú pé ó ń dùn mí. Bí olùṣọ́ àgùntàn bá ní kí àwọn tó fẹ́ àdúrà bọ́ síwájú, ẹsẹ̀ mi á fẹ́ gbéra, ṣùgbọ́n kí ni àwọn obìnrin tí mò ń darí yóò wí? Mo ti pinnu láti gbààwẹ̀ ọjọ́ 21, n ó sì dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi dúró títí yóò fi parí. Lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ dìde níwájú ìjọ kí n fi ipò mi sílẹ̀, bóyá kí n tilẹ̀ lọ sí ìjọ mìíràn. Ṣé Ọlọ́run ti kọ̀ mí ni? — Ẹni Òùngbẹ Ń Gbẹ, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Arábìnrin mi ọ̀wọ́n, kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn nínú lẹ́tà yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe dá oògùn yẹn dúró. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà kéde ara rẹ̀ kí ó tó ṣọṣẹ́, ẹni tó bá sì fi oògùn rẹ̀ sílẹ̀ láìgba àṣẹ lè bá ara rẹ̀ lórí ibùsùn ilé ìwòsàn pẹ̀lú àrùn rọpárọsẹ̀ kí ààwẹ̀ náà tó dé ìdajì. Bí ẹ óò bá gbààwẹ̀ rárá, ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ fún dókítà yín. Bí ó bá sì jẹ́ pé oorun kò kùn yín mọ́, tí oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun, tí ohun tó máa ń dùn mọ́ yín nínú ti sú yín, ẹ sọ ìyẹn fún un pẹ̀lú, nítorí pé àìlera ara a máa mú ọkàn rẹ̀wẹ̀sì, kì í sì í ṣe gbogbo gbígbẹ inú ni ó ti ọ̀dọ̀ ẹ̀mí wá.

Ìbéèrè tí ẹ fi parí lẹ́tà yín ni n ó kọ́kọ́ dáhùn, nítorí pé òun ló wúwo jù. N kò rí ohun kan nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ tó fi hàn pé Ọlọ́run ti kọ̀ yín. Àwọn tí ebi òdodo ń pa, tí òùngbẹ rẹ̀ sì ń gbẹ, ni Jésù pè ní alábùkún fún, kò pe àwọn tó ti yó bẹ́ẹ̀. Onísáàmù tó sọ nínú Sáàmù 42 pé ọkàn òun ń mí hẹlẹ sí Ọlọ́run bí àgbọ̀nrín ti ń mí hẹlẹ sí ipadò omi, òun kan náà ló sọ pé omijé òun ni oúnjẹ òun lọ́sàn-án àti lóru, tí àwọn ènìyàn sì ń bi òun pé Ọlọ́run rẹ dà. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni yìí kì í ṣe àjèjì sí ilé Ọlọ́run: ó rántí ìgbà tí òun máa ń bá ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ síbẹ̀ pẹ̀lú orin ayọ̀ àti ìyìn. Àgbà nínú ìsìn ni, inú rẹ̀ sì gbẹ. Nítorí náà, ẹ má ṣe ka ebi tó ń pa yín sí ìbínú Ọlọ́run, nítorí pé n kò mọ ọ̀nà mìíràn tí ó máa ń gbà fa ènìyàn sún mọ́ ara rẹ̀ ju irú ebi bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi tí mo rò pé ìṣòro wà nìyí: ebi ń pa yín, ṣùgbọ́n ẹ kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i pé ebi ń pa yín. Ẹ tún lẹ́tà yín kà. Ààwẹ̀, orí òkè, ìṣọ́ òru, gbogbo rẹ̀ ni olórí ẹgbẹ́ obìnrin lè ṣe tí iyì rẹ̀ yóò sì máa pọ̀ sí i lójú àwọn tó ń darí. Ohun kan ṣoṣo tí ẹsẹ̀ yín fẹ́ gbé yín lọ ṣe, tí ẹ kò tíì ṣe, ni kí ẹ bọ́ síwájú kí ẹlòmíràn gbàdúrà fún yín.

Ẹ óò rántí àkàwé Farisí àti agbowó òde nínú Lúùkù orí 18. A ti gbọ́ ọ púpọ̀ débi pé a kì í fetí sí i mọ́, gbogbo wa la sì máa ń ka ara wa mọ́ agbowó òde. Ọjọ́ kan péré nínú ọdún, ìyẹn Ọjọ́ Ètùtù, ni Òfin Mósè pa á láṣẹ pé kí gbogbo Ísírẹ́lì pọ́n ara wọn lójú. Farisí yìí ń gbààwẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ó sì ń san ìdámẹ́wàá ohun gbogbo tó ní. N kò rò pé irọ́ ló ń pa. Ṣùgbọ́n ẹ wo àdúrà rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sí ẹ̀bẹ̀ kan níbẹ̀. Ó dúpẹ́, ó ròyìn iṣẹ́ rẹ̀, ó fi ẹnu ba ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì lọ sílé rẹ̀ láìtọrọ ohunkóhun. Agbowó òde ni ó tọrọ, ó ní kí Ọlọ́run ṣàánú fún òun ẹlẹ́ṣẹ̀, òun sì ni Jésù sọ pé ó lọ sílé ní ìdáláre.

Nígbàkigbà tí irú lẹ́tà yín bá dé ọ̀dọ̀ mi, ọkàn mi máa ń lọ sọ́dọ̀ Augustine, ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ ńlá Kristẹni ìgbàanì. Ọmọ Áfíríkà ni. Ọdún 354 ni wọ́n bí i ní Thagaste, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Àlùgẹ̀ríà lónìí, Monica ìyá rẹ̀ sì jẹ́ Kristẹni tó ń sunkún àdúrà lórí rẹ̀. Nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 19, ó ka ìwé kan tí Cicero ará Róòmù fi rọ ènìyàn láti wá ọgbọ́n, láti ọjọ́ náà ni ebi òtítọ́ sì ti ń pa á gidigidi. Ó ṣí Bíbélì, ó sì pa á dé kíá, nítorí pé èdè rẹ̀ kò ní ọ̀ṣọ́ bí ti Cicero. Nígbà tí ó ń wo ẹ̀yìn lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ó jẹ́wọ́ pé Ìwé Mímọ́ rẹlẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, ó sì ga bí ènìyàn bá ti ń wọ inú lọ, ṣùgbọ́n òun kò jẹ́ tẹ ọrùn òun ba kí òun lè wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe tẹ̀lé ẹgbẹ́ ẹ̀sìn àwọn Manichee fún nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án, àwọn tó ṣèlérí pé àwọn yóò fi òye ṣàlàyé ohun gbogbo fún un láìní kí ó kọ́kọ́ gbàgbọ́. Ebi ń pa á ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ọrùn rẹ̀ ni kò tíì tẹ̀.

Ìlú Milan ni ó ti ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ nígbà tí àlùfáà àgbà kan tó ń jẹ́ Simplicianus sọ ìtàn Victorinus fún un. Victorinus yìí ti darúgbó, ó ti kọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn aṣòfin Róòmù, wọ́n sì ti gbé ère rẹ̀ kalẹ̀ ní gbàgede ìlú láti fi bu ọlá fún un. Ó ń ka Ìwé Mímọ́, a sì máa sọ fún Simplicianus ní kọ̀rọ̀ pé Kristẹni ni òun. Simplicianus a fèsì pé òun kò ní gbà á gbọ́ àfi bí òun bá rí i láàárín ìjọ, Victorinus a sì bú sẹ́rìn-ín, a bi í bóyá ògiri ló ń sọni di Kristẹni. Èsì náà mọ́gbọ́n dání lójú ẹni tó ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tó fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀ ni ìbẹ̀rù àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ onípò gíga. Nígbà tó yá, ó ṣàdédé wí fún Simplicianus pé, ẹ jẹ́ kí a lọ sí ìjọ, mo fẹ́ di Kristẹni. Nígbà tí àkókò tó láti jẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ rẹ̀, àwọn àlùfáà fún un láyè kí ó ṣe é ní ìkọ̀kọ̀, bí wọ́n ti máa ń ṣe fún àwọn tí ojú ń tì. Ó kọ̀. Ó gun ibi gíga tí gbogbo ènìyàn ti ń jẹ́wọ́, àwọn tó mọ̀ ọ́n sì ń fi ayọ̀ pe orúkọ rẹ̀ sí ara wọn létí.

Ayọ̀ yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa. Ẹ bi mí pé kí ni àwọn obìnrin tí ẹ ń darí yóò wí bí wọ́n bá rí yín níwájú. Ọ̀kan tàbí méjì lè sọ̀rọ̀ lẹ́yìn yín, n kò ní tàn yín jẹ. Ṣùgbọ́n mo rò pé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn yóò mí kanlẹ̀, nítorí pé àwọn náà ti ń fi ebi tiwọn pamọ́ fún yín, wọ́n sì ti rò pé àwọn nìkan ni.

Augustine sọ pé bí òun ti gbọ́ ìtàn náà tán ni ó ti ń jó òun lọ́kàn láti ṣe bí Victorinus. Ní ọdún 386 ni ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù sí àwọn ará Róòmù mú un lọ́kàn nínú ọgbà kan ní Milan, ní Àjíǹde ọdún 387 ni Bíṣọ́ọ̀bù Ambrose sì ṣe ìrìbọmi fún un. Ọmọ rẹ̀ Adeodatus, tó jẹ́ bí ọmọ ọdún 15, wà lára àwọn tó bá a ṣe é. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ kíláàsì ìrìbọmi, ẹ fojú inú wo ọ̀jọ̀gbọ́n tí ìjọba ti ń sanwó fún tẹ́lẹ̀, tí òun àti ọmọ tó bí jọ jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan náà.

Èyí gbé wa dé ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin tó ń ṣe irun. Ẹ ṣe ohun tó dára bí ẹ kò ṣe fi orúkọ mìíràn pe ìlara yín. Àwọn kan ìbá ti sọ pé ẹ̀mí rẹ̀ kò mọ́, tàbí pé ó ń ṣe àṣehàn. Ẹ ka ìtàn Náámánì nínú Ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí karùn-ún: ọmọdébìnrin tí wọ́n kó lẹ́rú, tó ń ṣe ìránṣẹ́ fún aya rẹ̀, ni ẹnu rẹ̀ ti jáde pé wòlíì kan wà ní Samáríà, bí balógun Síríà náà kì bá sì tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu ẹrú wá, ìbá kú pẹ̀lú ẹ̀tẹ̀ rẹ̀. Mo mọ̀ pé kò rọrùn nílẹ̀ wa kí àgbà tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ọmọdé, n kò sì ní kí ẹ kúnlẹ̀ fún un. Ẹ pè é wá sílé, ẹ fún un ní ìjókòó, ẹ sọ fún un pé, “Ọmọ mi, inú mi gbẹ, bá mi gbàdúrà.” Ẹ̀rù á bà á. Ẹ jẹ́ kí ó gbàdúrà bó ṣe mọ̀ ọ́n, bí ó bá sì ṣi ẹsẹ Bíbélì kan pè, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe tún un ṣe fún un.

Ohun kan wà nínú lẹ́tà yín tí mo fẹ́ kí ẹ yẹ̀ wò fúnra yín. Nígbà tí ẹ ń sọ ohun tí ẹ pàdánù, ẹ dárúkọ àwọn tó máa ń ṣubú lulẹ̀. Bí Ọlọ́run bá sún mọ́ yín lálẹ́ òní nínú yàrá yín, tí ẹnì kankan kò mọ̀, tí ẹnì kankan kò sì ní ṣubú níwájú yín mọ́ títí ayé, ǹjẹ́ yóò tó yín? Bí ẹ bá dáhùn pé yóò tó, a jẹ́ pé Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ni ebi rẹ̀ ń pa yín. Bí ẹ bá rí i pé kò ní tó, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún un gẹ́gẹ́ bó ṣe rí. Àdúrà gidi ni ìyẹn, ó sì sàn ju ọ̀pọ̀ wákàtí ọ̀rọ̀ dídùn lọ.

Ní ti ààwẹ̀ ọjọ́ 21, ohun ńlá ni ẹ fẹ́ ṣe, gẹ́gẹ́ bí Náámánì ti ń retí pé kí wòlíì jáde wá sọ́dọ̀ òun kí ó ṣe ohun tó tóbi. Wẹ̀, kí o sì mọ́, ni wọ́n wí fún un, inú sì bí i. Bí dókítà bá gbà fún yín, ẹ gba ààwẹ̀ ọjọ́ kan, kí ẹ bọ́jú, kí ẹ fi òróró kun orí bí Jésù ti wí nínú Mátíù orí kẹfà, kí ẹnikẹ́ni má sì mọ̀. Ẹ máa ka Sáàmù kan lálaalẹ́, láìwá ohun tí ẹ óò fi wàásù nínú rẹ̀.

Ẹ má ṣe dìde níwájú ìjọ láti fi ipò sílẹ̀. Nígbà tí Augustine fẹ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ rẹ̀, ó kù díẹ̀ kí wọ́n gba ìsinmi ìkórè àjàrà, ó sì fara da àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn kí ó lè yọ́ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, nítorí pé bí òun bá ṣe é lójú gbogbo ayé, wọn yóò ní ńṣe ni òun fẹ́ hàn bí ẹni ńlá. Ìfipòsílẹ̀ a máa ní ìgbéraga tirẹ̀. Ẹ lọ bá olùṣọ́ àgùntàn yín àti ìyàwó rẹ̀ nílé, ẹ ṣàlàyé bí nǹkan ṣe rí, kí ẹ sì tọrọ oṣù mélòó kan tí ẹlòmíràn yóò fi máa kọ́ kíláàsì náà, kí ẹ̀yin sì jókòó lẹ́yìn bí akẹ́kọ̀ọ́.

Ọ̀rọ̀ ìjọ mìíràn ló kù. Mo fura pé ohun tó ń fà yín lọ síbẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni kò mọ̀ yín níbẹ̀, ẹ óò lè bọ́ síwájú fún àdúrà láìsí pé olórí ẹgbẹ́ obìnrin ni ó bọ́ síwájú. Ó lè ràn yín lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú ẹ̀bùn tí ẹ ní, kò ní pẹ́ tí wọn yóò fi tún fi yín ṣe olórí níbẹ̀ pẹ̀lú, ojú tí ẹ ń sá fún yóò sì tún pé lé yín lórí. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ bọ́ síwájú níbi tí wọ́n ti mọ̀ yín. Bí ẹ bá ṣe é, tí ó sì tún ń ṣe yín bíi pé kí ẹ lọ, ẹ kọ̀wé sí mi, a óò jọ sọ ọ́ nígbà náà.