Ẹ kọ́kọ́ tú ọjà náà kí ẹ tó jọ rò ó

Ẹ sọ pé ẹ kó àwọn ẹlẹgbẹ́ yín jọ láti ronú bí ẹ ṣe lè tún àwọn ohun èlò ojoojúmọ́ dá, kí wọ́n lè máa yí po láàárín àwọn tó ń lò wọ́n dípò kí wọ́n parí sí ààtàn. Ìwé pélébé kún ara ògiri nígbà tí ìjókòó parí, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú àwọn àbá náà tó ṣe é mú lò, ẹ sì fẹ́ mọ ìdí rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń darí irú ìjókòó báyìí pẹ̀lú àwọn tó ń ṣe ohun èlò inú ilé, ohun tí mo sì rí ni pé àìsí àbá kọ́ ló máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni pé àwọn tó jókòó kò tíì rí inú ọjà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ lé lórí.

Bí ẹ bá ní kí àwọn ènìyàn tún kẹ́tùlù oníná dá láìjẹ́ pé wọ́n tú ọ̀kan rí, ohun tí a fi ṣe ara rẹ̀ ni gbogbo wọn yóò máa sọ: ẹnì kan á ní kí a fi oparun ṣe ìdìmú rẹ̀, ẹlòmíràn á ní ike tó ń jẹrà ló dára jù. Ẹ fún wọn ní àwọn kẹ́tùlù tó ti bàjẹ́ pẹ̀lú irinṣẹ́, kí ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ yóò ṣe yí padà. Wọn yóò rí i pé irin ara rẹ̀ ṣì le koko, pé kò jò, pé ohun kékeré tó ń pa iná nígbà tí omi bá hó nìkan ló dẹ́kun iṣẹ́, àti pé kò sí bí ènìyàn ṣe lè dé ibẹ̀ láìfọ́ ìdí kẹ́tùlù náà, nítorí pé ooru ni wọ́n fi lẹ ike mọ́ ike dípò ìṣó tí a lè yí tú. Láti ìgbà náà lọ, wọn kò ní máa béèrè ohun tí a ó fi ṣe é mọ́. Wọn yóò máa béèrè ibi tó ti ń kọ́kọ́ bàjẹ́, ẹni tó lè ṣí i, àti irinṣẹ́ tí onítọ̀hún nílò. Wákàtí àkọ́kọ́ ni mo máa ń fi sílẹ̀ fún títú ọjà nìkan, mi ò sì ń gbà kí ẹnikẹ́ni dá àbá kankan kí ó tó parí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọ̀gá máa ń rò pé à ń fi àkókò ṣòfò. (Bí ohun tí ẹ ń tú bá ní bátìrì litíọ́ọ̀mù, ẹ má ṣe fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó gún un, torí ó lè gbiná.)

Ní ti ìjókòó fúnra rẹ̀, Alex Osborn, ará Amẹ́ríkà tó ń ṣe iṣẹ́ ìpolówó ọjà, ẹni tó sọ ọ̀nà àjọrò yìí di mímọ̀, là á sílẹ̀ pé kí àbá pọ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì bu ẹnu àtẹ́ lu àbá ẹlòmíràn nígbà tí àbá ṣì ń jáde. Ó dára, àmọ́ kò tó. Ìwádìí tí Michael Diehl àti Wolfgang Stroebe gbé jáde ní ọdún 1987 fi hàn pé àbá àwọn tó jọ ń sọ̀rọ̀ ní ìjókòó kan kì í tó ti iye ènìyàn kan náà tó dá rò ó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí pé bí ẹnì kan bá ṣe ń sọ tirẹ̀, èrò ń bọ́ sọnù lọ́kàn àwọn tó ń dúró dè é. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń mú kíkọ ṣáájú sísọ. Ọ̀nà tí Bernd Rohrbach, ará Jámánì, gbé kalẹ̀ ní ọdún 1968 ni mo fẹ́ràn jù: ènìyàn 6 á jókòó, oníkálukú á kọ àbá 3 láàárín ìṣẹ́jú 5, á sì gbé ìwé rẹ̀ fún ẹni tó tẹ̀ lé e kí onítọ̀hún kọ tirẹ̀ kún un. Nígbà tí ìwé bá fi yí po tán lẹ́yìn ààbọ̀ wákàtí, àbá 108 lè ti wà nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò jọra, ìyẹn kò sì burú. Ohun tó ṣe pàtàkì lójú tèmi ni pé ọmọ iṣẹ́ tó kéré jù yóò kọ ohun tí kò lè sọ lójú ọ̀gá rẹ̀.

Ẹ má ṣe jẹ́ kó jẹ́ àwọn tó ń ya àwòrán ọjà àti àwọn tó ń tà á nìkan ni ẹ ó pè. Ẹ pe ẹni tó ń fi títún irú ọjà bẹ́ẹ̀ ṣe jẹun, kí ẹ pe ẹni tó ń ṣa àlòkù, kí ẹ sì san owó iṣẹ́ fún wọn. Nígbà kan, a ń yin abọ́ ike dúdú kan pé ó ṣe é yọ́ tún lò, àfi ìgbà tí obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ya ike sọ́tọ̀ sọ fún wa pé ẹ̀rọ àwọn kò rí i rárá. Èédú kíkúnná tí wọ́n fi pa á láró ni ó ń gbé ìtànṣán tí ẹ̀rọ náà fi ń dá ike mọ̀ mì, nítorí náà àárín pàǹtí ni abọ́ náà máa ń bọ́ sí. Àwọ̀ nìkan ni a yí padà lára rẹ̀.

Ibi yíyan àbá ni ẹ ti nílò sùúrù jù. Ẹgbẹ́ kan tí mo bá ṣiṣẹ́ lórí búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín oníbátìrì dá a lábàá pé kí ẹni tó ń lò ó lè yọ bátìrì rẹ̀, ni wọ́n bá ní omi yóò wọlé. Ẹnì kan tún fi òfin àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù gbè é lẹ́sẹ̀: òfin náà ní láti ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 2027, ẹni tó ń lo ọjà gbọ́dọ̀ lè yọ bátìrì kékeré inú rẹ̀ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ó yọ àwọn ohun tí omi ń ta sí lára nígbà gbogbo, tí a sì lè ṣàn, sílẹ̀, pé àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ nìkan lè máa yọ tiwọn. Mo sọ fún wọn pé àyè tí òfin fi sílẹ̀ kò sọ pé iṣẹ́ náà kò ṣe é ṣe. Òrùka rọ́bà àti ìdérí tí a ń yí ni wọ́n padà fi yanjú rẹ̀, omi kò sì wọlé.

Iye owó ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àbá náà lẹ́yìn èyí, torí pé bátìrì tuntun tí wọ́n fẹ́ máa tà kù díẹ̀ kó tó owó odindi búrọ́ọ̀ṣì. Ní ilẹ̀ Faransé, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi máàkì lórí 10 sára àwọn ọjà kan ní ọdún 2021 láti fi bí wọ́n ṣe rọrùn tó láti tún ṣe hàn, owó ẹ̀yà ara ọjà wà lára ohun tí wọ́n ń wò, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń ṣírò owó wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ó má jẹ́ pé ẹ̀yìn tí ẹ ti yan àbá tán ni yóò tó wá sọ pé kò ṣeé ṣe. Ẹ sì kọ orúkọ ẹni tí yóò máa gba ọjà tó ti gbó padà sí ẹ̀gbẹ́ àbá kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò bá ní orúkọ, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná.

Bí ẹ bá ti yan méjì tàbí mẹ́ta, ẹ fi páálí àti ike ṣe àpẹẹrẹ wọn kíákíá, kí ẹ gbé e fún ẹni tí kò sí ní ìjókòó náà, kí ẹ ní kí ó ṣí i, kí ó pààrọ̀ ohun tó wà nínú rẹ̀, kí ó sì dé e padà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni là á yé e. Ẹ kọ ibi tí ó bá ti dúró wò sílẹ̀, kí ẹ sì gbé àkọsílẹ̀ náà wá sí ìjókòó kejì pẹ̀lú àwọn ènìyàn kan náà.