Èsì: Ṣé Nàìjíríà ti ṣe dróònù ológun rí?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bi wá bóyá àwa náà ti ṣe dróònù ológun rí, àti bóyá ó lè rí èèyàn nínú igbó ọ̀nà Ọ̀wọ̀. A ti ṣe é o. Dróònù tí wọ́n ń pè ní Gulma jáde ní 2013, Tsaigumi tẹ̀lé e ní 2018, Buhari ló ṣí aṣọ lójú ẹ̀ ní Kàdúná, Tsaigumi yìí lè wà lókè fún nǹkan bíi wákàtí 10, kì í ṣe bíi tàwọn tó ń ya fídíò ìgbéyàwó l'Ákùúrẹ́ níbí tí bátìrì ẹ̀ á ti kú kí ìyàwó tó jó wọlé tán 😂. Igbó yẹn gan-an ló le. Kámẹ́rà tó ń wo ooru ara máa ń rí èèyàn lóru ní gbangba, àmọ́ lábẹ́ kòkó bàbá mi n'Ídànrè, èmi gan-an kì í rí ojú ọ̀run, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ pé kámẹ́rà á rí mi láti òkè.